Oyè Kejì Nínú Ìbánisọ̀rọ̀?

Kò sí àsìkò ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè kan tí atọ́kùn ètò rédíò kò ní sọ ọ́: "Lágbájá, ọmọ wa ní Karaworo ní Lọ́kọ́ja, ti gboyè kejì nínú ìbánisọ̀rọ̀." Mass Communication ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ kú oríire o. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja létí odò Ọya ní Lọ́kọ́ja ńkọ́? Ó ń fi Núpé dá oníbàárà kan lóhùn, ó ń fi Haúsá dá èkejì lóhùn, ó sì tún ń fi Yorùbá bú ẹni tó ná ẹja rẹ̀ ní ìnákúnàá. Bó bá jẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ là ń gboyè lé lórí, oyè ọ̀mọ̀wé ló yẹ ìyá yìí.

"Bá" tó wà nínú ìbánisọ̀rọ̀ kì í dá rìn. A ń bá ẹni jà, a ń bá ẹni jẹun, a ń bá ẹni kẹ́dùn; ẹni méjì ló ń pàdé níbẹ̀. Ẹnìkan lè takò mí pé bí bàbá bá ní "mo ti bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀," ìbáwí ni, ọmọ kò sì gbọdọ̀ fèsì. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ ọmọ náà wà níwájú bàbá, bó bá dijú mágbárí, bàbá rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ẹ̀ka tí à ń wí yìí, láti Nsukka tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Jackson ti bẹ̀rẹ̀ ní 1961 dé Yunifásítì Èkó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1966, ni bí ẹnìkan ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò rí, tí kò sì mọ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ sọ rédíò lórúkọ kò wọ yunifásítì, ṣùgbọ́n wọ́n ti ka ẹ̀kọ́ yìí já. Ní 1935, ìjọba amúnisìn fa wáyà wọ ilé àwọn tó lè sanwó l'Ékòó, wọ́n so àpótí mọ́ ọn, ohùn Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Kò sí ibùdó mìíràn tí o lè yí i sí: o gbọ́, tàbí kí o pa á. Àpótí yìí ni àwọn àgbà pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ún. Wọn kò sọ pé olùgbọ́ kò lè fèsì. Àpótí ni wọ́n ní kì í gba èsì. Orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n di ẹ̀bi lé, nítorí lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó sọ̀rọ̀ tán tí kò dúró gbọ́ ìdáhùn, aláfojúdi ni. Àfojúdi náà sì dàgbà ju rédíò lọ. Ọjọ́ 8, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1897 ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn ni, kọ ọ́ sínú The Times ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n máa pe ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Lára Niger, orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe odò Ọya tó ń ṣàn kọjá ní Lọ́kọ́ja, ló ti yọ ọ́. Ta ni nínú àwọn ará ibẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀?

Wọn yóò ní ayé ti yí padà, pé ará Karaworo lè fi fóònù pe ilé iṣẹ́ rédíò báyìí, kí ó sì sọ tẹnu rẹ̀. Mo gbà, rédíò ti ń gbèsì díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n atọ́kùn ló ń ṣí ọ̀nà ọ̀rọ̀ fún un, atọ́kùn náà ló ń gé e mọ́ ọn lẹ́nu. Àtakò tó le jù ni ti Haúsá. Ɗan jarida, ọmọ ìwé ìròyìn, ni wọ́n ń pe akọ̀ròyìn, títí kan ti rédíò tí kò tẹ bébà kan jáde rí, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. Ọ̀rọ̀ a máa fẹ̀ bí aṣọ. Tiwa náà ti fẹ̀: ìbánisọ̀rọ̀ ti gba orí rédíò, ó ti gba inú ìwé ìkíni, n kò rí ẹni tó máa gbà á padà. Kẹ́ ẹ sì máa wò ó, NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì, fúnra rẹ̀ ti pín Mass Communication sí méje ní nǹkan bí 2020, àwa ṣì ń fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ orúkọ kò wọ́n wa: ìròyìn wà ńlẹ̀ láti 1859 tí àlùfáà Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn l'Abẹ́òkúta. Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wà, ìpolówó ọjà wà. Ẹ̀yin atọ́kùn, ẹ bi ẹni tó gboyè léèrè èwo ló kọ́ nínú wọn kẹ́ ẹ tó kí i. Bó bá sì takú pé ìbánisọ̀rọ̀ ni, ẹ jẹ́ kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì nìkan ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kú.