Ẹ bo àṣírí oníbàárà yín kí fáìlì tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù

Tí ẹ bá gba owó lọ́dọ̀ àwọn oní-POS ní Ìkirè tàbí Àpòmù, ẹ fara balẹ̀ wo rìsíìtì tí ẹ̀rọ náà pọ̀ jáde. Nọ́ńbà káàdì yín kì í pé síbẹ̀. Àmì ìràwọ̀ ni wọ́n máa ń fi dí èyí tó wà láàárín, mẹ́rin tó gbẹ̀yìn á sì hàn kedere. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́ o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bò ó ni, kí ẹni tó bá he rìsíìtì náà nílẹ̀ má baà rí nọ́ńbà yín lò.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ṣé ẹ̀yin náà ń bo àṣírí àwọn oníbàárà tó wà lọ́wọ́ yín bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń kó dòdò Ìkirè fún àwọn tó ń tà á lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, tó sì tún ń gba àjọ lọ́wọ́ wọn. Orúkọ wọn, nọ́ńbà fóònù wọn, BVN wọn àti iye tí kálukú dá, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọdún parí, ìyá yìí ní kí akáúńtáǹtì kan n'Íbàdàn bá òun ṣírò èrè. Iye owó àti ọjọ́ nìkan ni akáúńtáǹtì nílò, àmọ́ odindi fáìlì ni ọmọ tó ń bá ìyá tẹ kọ̀ǹpútà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò ṣòroó mọ̀. Fóònù akáúńtáǹtì lè sọnù, kí fáìlì náà sì bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀. Onítọ̀hún á wá pe oníbàárà, á ní láti báńkì lòun ti ń pè, á dárúkọ rẹ̀, á ka BVN rẹ̀ fún un, á tún sọ iye tó dá lọ́jọ́bọ̀. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Kí ojú tó là, owó ti lọ. Ṣọ́ọ̀bù ìyá alájọ ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ gbà lọ. Ní ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọra, ẹni tí wọn ò bá fọkàn tán mọ́, ọjà rẹ̀ ti dákẹ́ nìyẹn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative pariwo síta pé àwọn kan ń ta NIN àti BVN àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦100 péré.

Àwọn ètò kọ̀ǹpútà púpọ̀ ló ń to àkọsílẹ̀ lọ́nà tí wọ́n ń pè ní XML. Àmì ló máa ń fi síwájú àti sẹ́yìn nǹkan kọ̀ọ̀kan kí kọ̀ǹpútà lè mọ ohun tó jẹ́, báyìí:

<foonu>08000000123</foonu>
<owo>5000</owo>

Fáìlì Excel tó ń parí sí .xlsx, XML ló wà nínú rẹ̀. SMS Backup & Restore, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń tọ́jú àlẹ́ẹ̀tì báńkì orí fóònù wọn, XML náà ló ń kó wọn sí.

XSLT wá ni ìwé àṣẹ tó ń ka XML, tó sì ń ṣe ẹ̀dà mìíràn bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ. Láti ọdún 1999 ló ti wà, ètò ọ̀fẹ́ bíi xsltproc sì lè ṣe é. Kò ní fọwọ́ kan fáìlì gidi yín. Ẹ̀dà tó ti bojú lẹ máa fi ránṣẹ́. Ẹ fún ọmọ tó ń bá yín ṣe kọ̀ǹpútà ní ẹ̀kọ́ márùn-ún yìí:

1. Ẹ kọ́kọ́ ti gbogbo ilẹ̀kùn. XSLT ní nǹkan kan tó ń kó èèyàn sí wàhálà: ohun tí ẹ kò bá pàṣẹ lé lórí, ńṣe ló máa ń da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde bó ṣe wà. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ohunkóhun má jáde:

<xsl:template match="text()|@*"/>

Lẹ́yìn náà lẹ máa wá dárúkọ èyí tó lè kọjá, bí iye owó àti ọjọ́.

2. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti ka nọ́ńbà fóònù. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 jẹ́ 11, àmọ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234 gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ní kó bo méje àkọ́kọ́, èyí tó gùn yẹn á ṣì fi méje hàn. Èyí ló dáa:

substring(., string-length(.) - 3)

Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nìkan nìyẹn á mú, ẹ ó sì fi àmì ìràwọ̀ síwájú rẹ̀.

3. Ẹ yọ BVN àti NIN kúrò pátápátá. Ẹ fi «Oníbàárà 017» rọ́pò orúkọ. Ìwé tó sọ ẹni tí 017 jẹ́, ọ̀dọ̀ yín ni kó wà.

4. Ẹ ṣọ́ra fún àlàyé tí wọ́n kọ mọ́ owó. Tí ẹ bá bo orúkọ, tí àlàyé wá sọ pé «aláta ẹ̀gbẹ́ ààfin», ta ni kò mọ̀ ọ́n l'Ápòmù?

5. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣí ẹ̀dà náà, kí ẹ wá orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà mẹ́ta tí ẹ mọ̀. Tí ẹ bá rí ẹyọ kan, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹni tí kò mọ XSLT náà lè pa dátà mọ́: kó ṣe ẹ̀dà Excel rẹ̀, kó sì pa òpó orúkọ àti nọ́ńbà rẹ́. Àmọ́ kó má kàn kun òpó náà ní dúdú tàbí kó fi pamọ́ o. Ẹni tó bá gba fáìlì náà á ṣí i wò ni.

Òfin náà wà níbẹ̀. Ní June 12, 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo dátà. Òfin yìí dárúkọ irú bíbò báyìí mọ́ àwọn ọ̀nà tí èèyàn lè fi dáàbò bo dátà. Ilé iṣẹ́ tí kò sí lára àwọn ńláńlá pàápàá lè san ìtanràn tó tó mílíọ̀nù méjì náírà, tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Tí dátà bá sì jò, tó sì lè pa àwọn tó ni ín lára, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ NDPC létí láàárín wákàtí 72 tí ẹ bá ti mọ̀.

Oníbàárà tó fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀, ẹ̀yin ló fún, kò fún akáúńtáǹtì yín. Kí ẹ tó tẹ fáìlì kan ránṣẹ́ lónìí, ẹ bi ara yín: kí ni ẹni tó fẹ́ gbà á nílò gan-an? Ìyẹn nìkan ni kí ẹ fún un.