Àlùwàlá Létí Òkun

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí ẹbí bá kúrò ní Ketu tàbí Mile 12 lọ ṣe fàájì ọlidé ní Tarkwa Bay, ọkọ̀ ojú omi ni wọn yóò wọ̀ débẹ̀. Omi mímu nìkan ni wọ́n sì sábà ń gbé dání. Bí Àìlà bá wọlé, àwọn kan á fi yanrìn ṣe tàyámọ́mù, wọ́n á ní omi iyọ̀ kò ṣeé fi ṣe àlùwàlá. Àṣìṣe ni.

Nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, ọkùnrin kan tí ń bẹ̀rù òùngbẹ lójú òkun bi Ànábì (SAW) ní ìbéèrè yìí. Ànábì fi yé e pé omi òkun mọ́, ó sì ń sọni di mímọ́.

Nítorí náà, ẹ bu omi létí òkun, ẹ má wọ inú ìgbì, kí ẹ sì kírun lásìkò.