Irọ́ Tó Gba Ọmọ Là

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 13, ní òun ti dàgbà ju ìwé àlọ́ lọ. Ó ń fẹ́ ìtàn ọmọ tó wà nínú ewu, tó sì ní láti purọ́. Ìwé wo ni kí n rà fún un? (Ìyá kan, Festac Town)

Ìdáhùn: Kí ìyá náà wá The Other Side of Truth, tí Beverley Naidoo, ọmọ bíbí Gúúsù Áfríkà, gbé jáde ní ọdún 2000. Ìwé yìí gba àmì-ẹ̀yẹ Carnegie.

Èkó ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní 1995, ọdún tí ìjọba Abacha yẹgi fún òǹkọ̀wé Ken Saro-Wiwa. Wọ́n yìnbọn pa ìyá Ṣadé àti Fẹ́mi, àwọn ọmọ tí ìtàn náà dá lé lórí, nítorí ohun tí bàbá wọn ń kọ sínú ìwé ìròyìn. Obìnrin kan kó wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù bí ẹni pé òun ló bí wọn, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ ní àgbègbè Victoria níbẹ̀ nínú òtútù.

Nígbà tí wọ́n bi àwọn ọmọ náà lórúkọ, Ṣadé ní Adéwálé ni àwọn ń jẹ́, kí ọ̀rọ̀ má baà kó bá bàbá wọn. Ọmọ tí wọ́n fi òtítọ́ tọ́ wá ń purọ́ fún àwọn tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́! Ibẹ̀ gan-an ni ìwé náà ti dùn jù.

Kí ìyá kọ́kọ́ ka orí kìíní fúnra rẹ̀ o; ikú ìyá àwọn ọmọ náà kì í pẹ́ dé. Bí ọmọ bá sì ń béèrè òmíràn, Web of Lies ló tẹ̀ lé e.