Bí Wọ́n Bá Bi Yín Pé Ọmọ Ibo Ni Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi ìwé sílẹ̀ ná. Nígbà tí a ń kọ fọ́ọ̀mù ìdánwò níjọ́sí, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú yín tí wọ́n bí sí Ungwan Romi níbí, tí Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, kọ Kaduna síbi tí wọ́n ti béèrè ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀yà Bajju tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín: “Bayarabe (ìyẹn ọmọ Yorùbá), lọ kọ Kwara!”

N kò bá ọmọ Bajju náà wí, nítorí òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Abala 318 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní ọmọ ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Kò bìkítà ibi tí wọ́n bí ọ sí, tàbí iye ọdún tí bàbá rẹ fi san owó orí níbẹ̀. Abala 42 ìwé yìí kan náà ló tún ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀yà tàbí ibi tí èèyàn ti wá yan án jẹ. Lójú tèmi, àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé abala méjèèjì máa forí gbárí, wọ́n kàn fi wàhálà náà sílẹ̀ fún akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni.

Ta tilẹ̀ ni onílẹ̀? Àwọn Gbagyi ló ń dáko níhìn-ín kí Lugard tó sọ Kaduna di olú ìlú Àríwá, kí rélùwéè tó kó baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú yín dé. Ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di òkò. Lẹ́yìn ìjà Sharia ọdún 2000 ní Kaduna níbí, ọ̀pọ̀ Kristẹni sá kọjá odò Kaduna wá sí apá gúúsù, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì kó lọ sí àríwá. Irú ìbéèrè “ọmọ ibo ni yín” yìí ni wọ́n bi òbí àwọn kan nínú yín, tí ìdáhùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ikú.

Kí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá má sì rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ará ibòmíràn nìkan nìyí. Níbi ìdìbò gómìnà Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n lé àwọn tí wọ́n fura sí pé Igbo ni wọ́n kúrò níbi ìdìbò. Ilé wa ni wọ́n ti ṣe é.

Ẹ lọ sílé lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ yín, kí àwọn ẹbí ní Ọ̀ffà ní Kwara mọ ojú yín. Ìwé yẹn á bá yín débi iṣẹ́. Wọ́n ní àjò kì í dùn kónílé má relé, ṣùgbọ́n Romi kì í ṣe àjò fún ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Bí kò bá jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ló ń béèrè, ẹ dáhùn pé ará Romi ni yín, kẹ́ ẹ tún fi Ọ̀ffà kún un láìtijú.

Ní Mọ́ńdè, kí kálukú bi ìyá tàbí bàbá rẹ̀ léèrè ohun tó gbé e dé Romi, kó kọ ọ́ wá. Ojú ìwé kan tó. Ẹ má kọ ẹ̀yà sí i.