Bí Láptọ́ọ̀pù Bá Yadi: Ẹ Wá Ohùn Rẹ̀ Kí Ẹ Tó San Owó Sípíkà

Ẹ̀kọ́ tòní kan gbogbo ilé tó ní láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Ó pọ̀ lọ́wọ́ wa láti Ọjọ́ dé Ìbà dé Òkòkòmáíkò, torí ọjà Alábà kò jìnnà sí wa. Púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé Ubuntu sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Orí Linux tí Linus Torvalds, ọmọ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991 ni wọ́n kọ́ ọ lé. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004. Wọn kò fi iṣẹ́ inú rẹ̀ pamọ́: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn.

Ubuntu ló wà lórí láptọ́ọ̀pù Press Club wa, òun sì ni àwọn SS3 fi ń gbọ́ Oral English. Ní tẹ́ẹ̀mù yìí, ó kàn yadi ni. Oníṣẹ́ tí a kọ́kọ́ gbé e lọ bá kò tiẹ̀ tàn án tó fi ní sípíkà ti jó, ká lọ mú owó wá. Owó wo? A ní ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wa ná. Ohun tí a ṣe nìyí.

Ọ̀nà tí ìró ń gbà

Ìró kì í fò láti inú orin bọ́ sínú sípíkà. Ohun tó ń kọrin, bíi VLC, máa fà á lé PipeWire lọ́wọ́. PipeWire ló ń pinnu ibi tí ìró máa gbà lọ. (Lórí Ubuntu tó ṣáájú 22.10, PulseAudio ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.) Lẹ́yìn náà ló kan ALSA, tó ń bá káàdì ìró sọ̀rọ̀. Káàdì ló wá ń tì í jáde sí sípíkà tàbí earpiece.

Bí èrò bá wọ danfo ní Òkòkòmáíkò tí kò dé Mile 2, ṣé ẹ ó kàn sọ pé Mile 2 ti bàjẹ́ ni? Rárá o. Ẹ ó bèèrè ní Ìyànà-Ìbà, ẹ ó bèèrè ní Volks, ẹ ó bèèrè ní Trade Fair. Bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe níbí.

Ẹ tẹ̀ lé e báyìí

1. Ẹ ki earpiece bọ̀ ọ́. Bí ó bá dún níbẹ̀, káàdì ṣì ń ṣiṣẹ́.

2. Ẹ lọ sí Settings, kí ẹ tẹ Sound. Ẹ wo Output Device. Bí HDMI bá wà níbẹ̀, ìró ń lọ sí tẹlifíṣọ̀n tàbí projector. Ẹ yan Speakers. Bí ó bá jẹ́ Dummy Output ló wà níbẹ̀, PipeWire (tàbí PulseAudio) kò rí káàdì kankan tó lè lò.

3. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T pọ̀ kí Terminal ṣí. Ẹ kọ: aplay -l. Bí orúkọ káàdì bá jáde, ALSA ti rí i. Bí kò bá rí i, ẹ kọ sudo apt update, lẹ́yìn náà sudo apt upgrade, kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Dátà díẹ̀ máa lọ sí i o.

4. Ẹ kọ: alsamixer. Ẹ fi F6 yan káàdì. Ẹ wo Master àti Speaker. MM túmọ̀ sí pé wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ gbé ara lé e, ẹ tẹ M, kí ẹ fi ọfà òkè gbé ìró sókè. Ibí yìí ni tiwa wà! Master ṣí, àmọ́ MM ló wà lábẹ́ Speaker. Títẹ M lẹ́ẹ̀kan péré, ó dún. Kọ́bọ̀ kan kò jáde lápò wa.

5. Bí kò bá tíì dún: systemctl --user restart pipewire pipewire-pulse wireplumber. Lórí èyí tó ń lo PulseAudio: pulseaudio -k.

6. Ẹ fi speaker-test -c 2 -t wav dán an wò. Ẹ máa gbọ́ ohùn ẹnìkan lápá òsì, lẹ́yìn náà lápá ọ̀tún. Ctrl àti C ló ń dá a dúró.

Ìgbà wo la máa wá san owó?

Bí earpiece bá ń dún, tí kò sí MM níbì kankan, tí sípíkà kò sì fọhùn kódà nígbà tí ẹ fi Ubuntu orí flash tan láptọ́ọ̀pù náà, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí sípíkà ti bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ gbé e lọ sí Alábà nígbà yẹn, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti dán wò fún oníṣẹ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, owó àwọn òbí wa kì í sì í ṣe omi òjò.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Settings ní Dummy Output, aplay -l sì rí káàdì. Ibùdókọ̀ wo ni ìró ti há? Ẹ ju ìdáhùn yín sínú àpótí Press Club kó tó di ọjọ́ Ẹtì.