Bí Kọ̀ǹpútà Bá Ṣi Orúkọ Ìlú Wa Kà

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí wà fún àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ìwé ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ àti ní gbogbo agbègbè Àkúrẹ́ àti Òǹdó. Ó dá lórí wàhálà kan tí í máa ká ènìyàn mọ́ lójijì: ohun tí ó ṣiṣẹ́ geere ní àná kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní òní, nítorí pé a tún ètò inú ẹ̀rọ ṣe. Ẹni tí kò fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí pàápàá, kí ó fi etí sílẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí orúkọ tirẹ̀ wà nínú ìwé tí a ń wí yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìlú tí olúkúlùkù ti wá. Inú Notepad ni ó kọ ọ́ sí, èyí tí í ṣe ètò ìkọ̀wé kékeré tí ń bá Windows wá. Ọmọ rẹ̀ sì ṣe ìwé-àṣẹ kan fún un ní èdè Python. Ìwé-àṣẹ ni ìwé tí a to àṣẹ sí lẹ́sẹẹsẹ kí kọ̀ǹpútà lè máa tẹ̀ lé wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Script ni àwọn oníṣẹ́ náà ń pè é. Iṣẹ́ tí èyí ń ṣe kò ju pé kí ó ka orúkọ, kí ó tò wọ́n ní ìlú-ìlú, kí ó sì sọ iye wọn. Ní ìgbà náà, akọ̀wé kò fi àmì kankan sí ọ̀rọ̀. Nígbà tí a tún Windows ṣe tán, ó rí i pé Notepad gba ẹ àti ọ láìjanpata. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún orúkọ ìlú gbogbo kọ bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ kejì ìwé-àṣẹ náà dúró gbagidi, ó sì kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, tí 0x8d wà nínú rẹ̀.

Kí ẹni tí irú èyí bá bá má ṣe yára pa ìkéde náà rẹ́. Ìlà tí ó kẹ́yìn ni kí ó kọ́kọ́ kà, nítorí ibẹ̀ ni Python ń sọ irú àṣìṣe tí ó rí. Nọ́ńbà ìlà tí iṣẹ́ ti dúró wà ní òkè rẹ̀. Kí ó ṣe ẹ̀dà ìwé orúkọ àti ìwé-àṣẹ sí ibòmíràn, kí ó tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun.

Ohun tí ó fa ìjà náà nìyí. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń fi pa lẹ́tà mọ́. Ìlànà àtijọ́ tí Notepad ń lò, èyí tí a ń pè ní ANSI, kò ní ju àyè 256 lọ. Nítorí èdè àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni a sì ṣe ṣètò rẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò rí ìjókòó nínú rẹ̀. Ìlànà UTF-8 gba gbogbo wọn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́ta ni ó ń fi kọ ọ kan ṣoṣo. Nínú àtúnṣe Windows 10 ti oṣù karùn-ún ọdún 2019, Notepad bẹ̀rẹ̀ sí fi UTF-8 pa ìwé mọ́ bí a kò bá yan òmíràn fún un. Python kò bá a lọ: títí dé ẹ̀yà 3.14, ìlànà àtijọ́ ni ó ń fi ka ìwé lórí Windows àyàfi bí a bá sọ fún un. Ọ̀kan ń fi ìlànà tuntun kọ̀wé, èkejì ń fi ti àtijọ́ kà á.

Ẹ wo ohun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde. Bí ó bá kan Ọ̀wọ̀, nọ́ńbà kẹta nínú ọ kékeré kò ní lẹ́tà kankan nínú ìlànà àtijọ́. Òun ni 0x8d tí akọ̀wé rí, iṣẹ́ sì dúró. Àkúrẹ́ náà ń dá a dúró, nítorí àmì ohùn òkè tí ó wà lórí ẹ. Ṣùgbọ́n Òǹdó ń kọjá láìsí ariwo, ó sì ń di Ã’Ç¹dÃ³. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tiwa náà ń kọjá, ó sì ń di á»ŒÌ€gbáº¹Ì€sáº¹Ì€! Lójú tiwa, èyí tí ó dúró sàn ju èyí tí ó kọjá lọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró yóò wá àtúnṣe. Ẹni tí tirẹ̀ kọjá lè ti tẹ ìwé ẹ̀rí fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn kí ó tó bojú wò ó.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Nínú ìwé-àṣẹ, ní ìlà tí a ti ní kí ó ṣí ìwé orúkọ, kí a kọ ọ́ báyìí:

open("oruko.txt", encoding="utf-8")

Àwọn kan a máa gba ọ̀nà àbùjá: wọn a padà sínú Notepad, wọn a fi ANSI pa ìwé náà mọ́ kí ìwé-àṣẹ lè dákẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò. Gbogbo ẹ, ọ àti ṣ ni yóò di àmì ìbéèrè, kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò mọ èyí tí ó jẹ́ ẹ tàbí ọ nínú wọn mọ́. Bí a bá sì ní kí a kúkú máa kọ ọ́ láìsí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá Owo tí ó wà níwájú orúkọ ènìyàn jẹ́ ìlú Ọ̀wọ̀ tàbí owó tí ó san?

Ọ̀ràn kan tún kù tí ó fara sin ju èyí lọ. Kò sí àyè kan ṣoṣo fún ọ̀ nínú ìwé àkójọ lẹ́tà gbogbo ayé tí a ń pè ní Unicode. Ọ fúnra rẹ̀ ní àyè, àwọn ará Vietnam pẹ̀lú ń lò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì ohùn ni àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Nítorí náà ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà kọ ọ̀: kí a fi àmì ohùn lé ọ, tàbí kí a fi àmì sí abẹ́ ò, tàbí kí a mú o lásán kí a fi méjèèjì kún un. Ojú ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Bí tẹlifóònù bá ń lo ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà sì ń lo òmíràn, ìwé-àṣẹ tí ń wá àwọn ará Ọ̀wọ̀ yóò rí àwọn kan, yóò sì fo àwọn kan dá, láìsọ ohunkóhun. Àṣẹ unicodedata.normalize("NFC", oruko) ń sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. A ó kọ import unicodedata sí òkè ìwé-àṣẹ kí a tó lè lò ó. Kí akọ̀wé sì fi ọwọ́ ka orúkọ inú ìwé, kí ó fi wé iye tí ẹ̀rọ sọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ìlà tí print wà ni ìkéde tọ́ka sí, tí kò sì sí àmì àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀, Python 2 ni a fi kọ ìwé-àṣẹ náà, èyí tí a ti ṣíwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Kí a fi àkámọ́ yí ohun tí ó tẹ̀ lé print ká.

Nígbàkúùgbà tí a bá tún ẹ̀rọ ṣe, kí akọ̀wé kọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, Àkúrẹ́, Òǹdó àti Ọ̀wọ̀ sínú ìwé kékeré kan, kí ó sì fún ìwé-àṣẹ ní èyí nìkan kà. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jáde bí ó ti kọ wọ́n, nígbà náà ni kí ó tó gbé ìwé ẹgbẹ́ wá.