Ọ̀ṣẹ́ Túrá àti owó tí a fẹ́ fi gba igbó là

 

Ìbéèrè kan kì í kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ Ìdóàní, ti ilé àti ti ẹ̀yìn odi: "Bàbá, a fẹ́ dáwó fún àwọn tó ń dáàbò bo igbó àti odò. Wọ́n pọ̀. Èwo ni ká fún?" Ìbéèrè gidi ni, torí owó àjọ ni. Òjò ò dé lásìkò mọ́, awo tó ń já ewé sì ń rìn jìnnà ju ti àtijọ́ lọ. Kò séwé, kò sórìṣà. Tí owó yẹn bá wá ṣìnà, ìgbà wo la máa tó rí òmíràn dá?

Ọ̀ṣẹ́ Túrá ni mo fẹ́ ká fi wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí. Olódùmarè rán irúnmọlẹ̀ 17 wá tún ayé ṣe. Ọkùnrin ni 16, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin. Wọ́n ń pàdé, wọ́n ń pínṣẹ́, wọn ò pe Ọ̀ṣun sí i. Kò sóhun tí wọ́n dáwọ́ lé tó yọrí. Òjò kọ̀, ẹbọ kò dà. Nígbà tí wọ́n padà sọ́dọ̀ Olódùmarè, ó bi wọ́n pé ẹni kẹtàdínlógún wọn ńkọ́? Àfìgbà tí wọ́n lọ bẹ Ọ̀ṣun kí nǹkan tó gún.

Ẹ kíyè sí i o. Àwọn 16 yẹn ò jalè, wọn ò sì ya ọ̀lẹ. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ibẹ̀ ni ìbéèrè wa ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìkíní: ta ni wọn ò pè? Àwọn ìyá tó ń pọnmi, àgbẹ̀ tó ń dáko létí igbó, ọdẹ, awo tó ń jáwé: ṣé wọ́n wà níbi tí ẹgbẹ́ yẹn ti ń gbìmọ̀? Ní Kenya, Wangari Maathai dá Green Belt Movement sílẹ̀ ní 1977. Àwọn obìnrin abúlé ló ń tọ́jú irúgbìn, wọ́n sì ń gba owó díẹ̀ lórí igi kọ̀ọ̀kan tó bá yè. Ẹ gbọ́ dáadáa: èyí tó yè ni wọ́n ń sanwó fún. Igi tí wọ́n ti gbìn ti ju mílíọ̀nù 50 lọ, Maathai sì gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2004.

Ìkejì: ṣé wọ́n ń ṣọ́ igbó tó wà nílẹ̀, àbí igi tuntun nìkan ni wọ́n ń gbìn? Tí wọ́n bá ní àwọn gbin igi 10,000, ẹ bi wọ́n pé mélòó ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ọmọ àgbẹ̀ ni wá, a mọ ohun tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń fojú irúgbìn rí. Ẹ tún bèèrè irú igi tó jẹ́. Nínú igbó ọba Olúwa ní ìpínlẹ̀ wa níbí, àti Ọmọ ní Ògùn, wọ́n ṣán igbó àdáyébá kúrò láti gbin mẹlínà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwé. Igi ni mẹlínà náà, àmọ́ kò lè rọ́pò ìrókò pẹ̀lú gbogbo ewé àti ẹranko tó ń gbé abẹ́ rẹ̀. Igi àgbà ti gbé ọ̀pọ̀ carbon tó ń mú ayé gbóná pamọ́ sínú ara. Tá a bá sun ún, ó tú jáde nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣọ́ igbó wà nítòsí. SW/Niger Delta Forest Project ti Rachel Ashegbofe Ikemeh ń ṣiṣẹ́ nínú igbó Ìsẹ̀ ní Èkìtì, níbi tí ìnàkí ṣì kù sí. Ìyẹn gba Whitley Award ní 2020. Nigerian Conservation Foundation náà wà, Olóyè S. L. Edu ló dá a sílẹ̀ ní 1980.

Ìkẹta: ṣé wọ́n ń wo òkè odò? Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà láàyè torí pé àwọn olùbọ ò fi í sílẹ̀, Àdùnní Olórìṣà náà sì bá wọn jà fún un. UNESCO gbà á wọlé ní 2005. Síbẹ̀, omi tó ń gba àárín rẹ̀ kọjá ti dọ̀tí, torí àwọn tó ń wa góòlù lápá Iléṣà. Ẹgbẹ́ Urban Alert ní Òṣogbo wà lára àwọn tó kígbe sí i. Owó tá a ná sórí àyẹ̀wò omi àti ẹjọ́ kò ní àwòrán tó dùn ún wò, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe pọ̀.

Ìkẹrin: ìwé ìnáwó dà? Ẹ wá orúkọ wọn lójú ìwé CAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin CAMA ti 2020 ní kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa kó ìṣirò owó wọn fún CAC. Tí ẹnì kan bá ń bínú torí pé ẹ bèèrè, ẹ mú owó yín dání.

Àwọn kan á ní, "Bàbá, ẹ kúkú dÍfá ká mọ̀ èwo ni." A máa dá a. Àmọ́ ìbò la fi ń bi Ifá láàárín ohun méjì. Ẹni tí ò tíì mọ ohun méjì tó wà nílẹ̀, kí ló fẹ́ kí wọ́n dìbò lé lórí? Ẹ kọ́kọ́ lọ wádìí. Ẹ pe àwọn ìyá wa sí ìpàdé náà, kí wọ́n sọ odò tó ti gbẹ àti ewé tí wọn ò rí rà mọ́ lọ́jà. Ẹ pín owó náà sọ́nà méjì: apá kan fún àwọn tó ń ṣọ́ igbó lẹ́bàá wa, bí igbó ọba apá Ìfọ́n, apá kejì fún àwọn tó ń gbèjà omi. Ẹ má san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ san díẹ̀, ẹ lọ fojú rí i, kẹ́ ẹ tó san ìyókù.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ wo ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ ti ń dáwó fún, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin yìí. Ẹbọ á fín, ẹbọ á dà. Ire o.